Wàká Márùn-ún ní Kuto

Ìyá Bándélé kò ríran mọ́. Bándélé kò gbọ́ràn rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti di ọwọ́ ara wọn mú báyìí, èèyàn kan ṣoṣo tó pé ni wọ́n: màmá ni etí, ọmọ ni ojú. Tí ọkọ̀ bá fọn fèrè lẹ́yìn, màmá á fa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí kòtò bá là níwájú, ọmọ á fa màmá sẹ́yìn. Ní Wásinmi, níbi tí Bándélé ti ń kan àga àti tábìlì, àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé kò sí òfófó tó lè bọ́ mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́, torí èyí tí ẹnì kan ò bá gbọ́, ẹnì kejì á rí i.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ọwọ́ já ọwọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọsibítù ojú kan ní Abẹ́òkúta ti fún màmá ní ọjọ́ tí wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọyatọ́lá Fárọ̀mbí ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú káàdì. "Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, kí ẹ ti wà lórí ìjókòó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Tí a bá pe orúkọ yín tí a ò rí yín, ó tún di oṣù mẹ́rin sí i." Ọdún méjì gbáko ni màmá ti ń retí ọjọ́ yìí. Ọdún méjì tí wọn ò rí ojú ọmọ wọn.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Kuto, ní Abẹ́òkúta, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bándélé fi màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ọkọ̀ tó ń kérò Èkó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ wọn, ó sì sọ fún wọn pé òun fẹ́ sáré lọ tọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ojú màmá ti ṣú: ọmọ á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, màmá á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lára aṣọ.

Nígbà tó fi máa padà dé, kò sí màmá. Kò sí bẹ́ǹṣì. Ọkọ̀ Èkó gan-an ti lọ. Orí Bándélé fò lọ. Ó gbà lọ́kàn pé màmá ti wọkọ̀ lọ sí Èkó, bẹ́ǹṣì sì sìn wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Àfúsá, akọ̀wé gáréèjì tó máa ń kọ orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ sílẹ̀, ló rí i pé oòrùn ń pa màmá. Ó ní kí àwọn agbèrò méjì gbé màmá tòun ti bẹ́ǹṣì lọ sábẹ́ àtíbàbà òun lẹ́yìn ilé kan nínú gáréèjì. Wọ́n gbé wọn bí ẹni gbé ọba, màmá sì ń dúpẹ́ lókè. Bándélé ò wo ẹ̀yìn ilé. Ọlọ́pàá kan ló rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sáré lọ.

Kọ́púrà Adétáyọ̀ ni ọlọ́pàá náà. Ó dúró lábẹ́ igi, ó ń jẹ ẹ̀pà, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bándélé dé iwájú rẹ̀, ó sì bèèrè ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé àwọn adití. Tí ẹ bá fẹ́ sọ "ìyá" ní èdè ọwọ́, ẹ ó la ìka márààrún, ẹ ó fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n yín. Ó parí. Kò sí ọ̀rọ̀ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àbí? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pe ìka márùn-ún tí wọ́n là síni lójú nílẹ̀ wa. Wàká ni! Òun náà, ọ̀rọ̀ ìyá ni, ṣùgbọ́n ìyá ẹni tí wọ́n là á sí ni.

Ẹ̀pà há Kọ́púrà lọ́fun. "Ta lò ń ṣe wàká fún?"

Bándélé rí i pé ẹnu ọlọ́pàá ń mì, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ òun ni ò yé e. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé: ó tún un sọ, ó sọ ọ́ tóbi, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wàká kejì nìyẹn. Ó tún un sọ, ó mi àwọn ìka náà kó lè hàn. Ìkẹta. Ó rò pé bóyá tí òun bá ṣàlàyé pé bàbá òun ti kú, pé òun nìkan ni màmá ní, àánú á ṣe ọkùnrin yìí. "Bàbá" ní èdè ọwọ́, ìka márùn-ún kan náà ni, iwájú orí ni àtàǹpàkò ń kàn.

"Yéè! Ó ti kúrò lórí ìyá mi, ó ti bọ́ sórí bàbá mi!" ni Kọ́púrà ké sí àwọn tó ti ń pé jọ. Ó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó fi há a lọ́wọ́. Bándélé tún pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìkarùn-ún nìyẹn, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi pè é, torí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti so wọ́n pọ̀.

Wọ́n gbé e dé tẹ́ṣàn, wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gba ìwé pélébé àti báírò tó máa ń fi bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, wọ́n kó wọn sórí pẹpẹ lókè. Wọ́n rò pé ẹrù ni wọ́n gbà. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Kọ́púrà fara ti káńtà. "Mò ń kìlọ̀ fún ẹ bí òfin ṣe wí: o ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Bándélé dákẹ́.

"Mo ní ṣé o gbọ́?"

Bándélé ń wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú.

"Dá mi lóhùn! O ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, ṣùgbọ́n tó o bá fi dákẹ́ mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ẹ á rí màbo!"

Bándélé na ọwọ́ sí báírò rẹ̀ lókè pẹpẹ, ó wá ń fi ìka kọ̀wé sí àtẹ́lẹwọ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nǹkan ìkọ̀wé.

"Ẹ rí i! Ó ní òun máa kọ pẹtíṣọ̀n! Ó tún nawọ́ sókè, ó ní títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá mi lókè lọ́hùn-ún!"

Kọ́púrà wá jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lórúkọ Bándélé, pé òun jẹ́wọ́, òun bú ìyá agbófinró, òun sì bú bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ó bo ìwé náà mọ́lẹ̀, ó gbé tàdáwà wá, ó fa àtàǹpàkò Bándélé kó tẹ̀ ẹ́. Bándélé lè má gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìka tí èèyàn bá tẹ̀ sí ìwé tí kò kà, ilé ẹjọ́ ló ń bá a kà á. Bó bá tẹ̀ ẹ́, kóòtù ló kàn, ta ló máa wá wá màmá? Ó di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ gírígírí.

"Ó ti fi ìka márààrún bú mi," ni Kọ́púrà wí, ó sá sẹ́yìn, "ó tún ti kó wọn pọ̀, ó fẹ́ fi lù mí!"

Ó di sẹ́ẹ̀lì.

Aago mọ́kànlá ni DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn náà, dé. Mádáàmù Christianah ni wọ́n ń jẹ́, obìnrin tí kì í pariwo, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ̀rù ju àwọn ọ̀gá tó ń pariwo lọ. Ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ẹjọ́ sí lórí káńtà. Ohun tí Kọ́púrà kọ síbẹ̀ rèé: *Suspect waka me for Kuto. Suspect waka my mama four times. Suspect waka my papa one time.*

DPO yọ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Kọ́púrà."

"Mà!"

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún afurasí yìí?"

"Ilẹ̀kùn wo, mà?"

"Ìwọ lo kọ ọ́ síbí. Suspect waka. Ó ti rìn lọ."

"Kò rìn lọ o, mà! Wàká ni."

"Mo ti gbọ́. Ó waka lọ sọ́dọ̀ màmá ẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Níbo ni màmá ẹ ń gbé?"

"Ìlarò, mà."

"Láti Kuto dé Ìlarò, lẹ́ẹ̀mẹrin, láàárọ̀ yìí nìkan? Ẹsẹ̀ kí ló ní?"

"Mà, kì í ṣe ẹsẹ̀..."

"Ó sì tún yà sọ́dọ̀ bàbá ẹ."

"Bàbá mi ti kú, mà."

DPO pa ìwé dé. "Afurasí lọ sí Ìlarò, ó lọ sí ọ̀run, ó sì padà. Ìwọ wà níbo?"

Ọ̀rọ̀ ò ṣeé ṣàlàyé mọ́, àfi kí èèyàn fi hàn. "Mà, báyìí ló ṣe!" ni Kọ́púrà wí, ó la ìka márààrún, ó nà án jáde, gbàgà! Ó kù díẹ̀ kó kan imú DPO.

Ọlọ́pàá kan tó ń mu tíì gbàgbé láti gbé e mì.

"Kọ́púrà Adétáyọ̀," ni DPO wí pẹ̀lẹ́. "Ìyá ta ni?"

"Ìyá mi ni, mà!"

"Èmi lo là á sí."

"Kì í ṣe ìyá yín, mà! Ìyá yín kọ́! Mò ń sọ pé ìyá... ìyẹn ni pé òun ló... ọwọ́ mi kàn..."

"O ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́."

Kọ́púrà dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnì kan yóò lo ẹ̀tọ́ náà ní tẹ́ṣàn yẹn tí wọn ò ní nà án.

"Kí ni ọkùnrin náà sọ nígbà tí ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀?"

"Kò sọ nǹkan kan, mà. Ó dà bí ẹni pé adití ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A pariwo, mà."

"Ẹ pariwo mọ́ adití?"

"A pariwo gan-an ni, mà."

DPO mí kanlẹ̀. "Ẹni tí a bá mú lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀, tàbí ẹlòmíì tó bá wù ú. Òfin ìpìlẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Ó tún ní a gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí a fi mú un sínú ìwé fún un, kí ọjọ́ kan tó pé, ní èdè tó yé e. Èdè wo lo kọ?"

"Píjìn, mà."

"Ta ló yé?"

"Èmi, mà."

"Èmi DPO, kò yé mi. Jókòó síbẹ̀ yẹn, kọ ọ́ ní Yorùbá. Má sì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ."

DPO fúnra rẹ̀ ló mú báírò àti ìwé Bándélé lórí pẹpẹ, ó gba ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì lọ. Bí Bándélé ṣe rí i, ó la ìka márààrún, ó fi kan àgbọ̀n. DPO ò mira. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó ti gba wàká ju ẹ kúuṣẹ́ lọ, kò sì sí èyí tó rí bí eléyìí nínú wọn. Wàká kì í dúró lágbọ̀n ẹni tó ń ṣe é, ńṣe ló máa ń fò wá bá èèyàn lójú. Ó na báírò sí i láàárín irin.

Bándélé gbà á bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ gba omi. Ó kọ ọ́ wàràwàrà: *Ìyá mi dà? Wọn kò ríran. Orí bẹ́ǹṣì ní Kuto ni mo fi wọ́n sí. Aago méjìlá ni dókítà máa pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìyá mi.*

DPO ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣí sẹ́ẹ̀lì, ó mú Bándélé lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì rán ọlọ́pàá méjì pé kí wọ́n fò lọ sí Kuto, kí wọ́n wá màmá afọ́jú kan. Àwọn méjèèjì fi eré jáde. Ní ẹnu géètì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá màmá arúgbó kan tí obìnrin kan fà lọ́wọ́ dànù. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà!" ni wọ́n wí, wọ́n sì sáré lọ wá màmá afọ́jú.

Àfúsá ló fa màmá lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n ti wá Bándélé yí gbogbo gáréèjì ká, wọn ò rí i. Àfúsá ní ilé ọlọ́pàá ló kù. Ẹni tí wọ́n bá lórí káńtà ni Kọ́púrà Adétáyọ̀, tó ń jẹ ìdí báírò, tó ń wá bí wọ́n ṣe ń kọ wàhálà ara rẹ̀ ní Yorùbá.

"Ẹ kúuṣẹ́ o," ni màmá wí.

"Ẹ káàbọ̀, mà." Inú Kọ́púrà dùn pé ẹjọ́ ẹlòmíì ti dé. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ mi ló sọnù."

"Yéè, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógójì."

"Màmá, ìyẹn kì í sọnù. Ìyẹn lọ ni." Ṣùgbọ́n ó ṣí ìwé. "Báwo ló ṣe rí?"

"Mi ò tíì rí i láti ọdún méjì. Nígbà yẹn, ó rẹwà."

"Láti ọdún méjì ló ti sọnù, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bọ̀ lónìí?"

"Àárọ̀ yìí ló sọnù."

Kọ́púrà fa ìlà pa ohun tó kọ. "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó nípọn, àbí ó tín-ín-rín?"

"Kò ní."

"Ẹ wò ó, màmá. Ẹ ò rí i, ẹ ò sì gbọ́ ọ. Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ó sọnù?"

"Ọwọ́ mi ṣófo," ni màmá wí.

Kọ́púrà ò mọ ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú ìwé.

"Ìwọ yìí náà!" Àfúsá ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ṣé o ò rí ojú màmá ni? Ò ń bi wọ́n ní báwo ló ṣe rí! Àwa tí à ń kọ orúkọ èrò ní gáréèjì gan-an ní làákàyè jù yín lọ!"

"Antí, ẹ fara balẹ̀, ìbéèrè iṣẹ́ ni. Ó dáa, màmá, ìkan péré ló kù. Kí ló máa ń pè yín? Ṣé Màámi ni, àbí Ìyá mi, ká lè mọ̀ bó bá pè yín."

"Báyìí ló ń pè mí," ni màmá wí. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n la ìka márààrún, wọ́n fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n.

Báírò bọ́ lọ́wọ́ Kọ́púrà. Ó yí lọ sábẹ́ káńtà, kò wá a.

"Ẹ... ẹ tún un ṣe, mà."

Màmá tún un ṣe.

"Bó bá wá gbé e síwájú orí ńkọ́, mà?"

"Bàbá rẹ̀ nìyẹn. Olóògbé."

Kọ́púrà fi ìka ka nǹkan lábẹ́ káńtà. Ìyá lẹ́ẹ̀mẹrin. Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Olóògbé. Ó dìde, ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì DPO, ó gba ti ilé ìgbẹ́, ó padà, ó wá gba èyí tó yẹ. "Mà! Mà! Ìyá rẹ̀ ti dé! Ìyá rẹ̀ ló ń pè látàárọ̀!"

Bándélé kò gbọ́ igbe náà. Ṣùgbọ́n ó rí ojú DPO, ó sì ti dé ibi káńtà kí Kọ́púrà tó sọ ọ́ tán. Kò fọwọ́ kan màmá léjìká, kò dì mọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ló kì bọ inú ọwọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, ìka màmá ń sáré tẹ̀lé e. Màmá kọ́kọ́ ń sunkún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi ẹ̀pà, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó dé ibi ìkarùn-ún tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ṣe, ẹ̀rín ti gbé màmá débi pé wọ́n di káńtà mú.

"Màmá, ṣé ó fẹ́ kí ẹ̀yin ṣe ògbufọ̀ òun?" ni DPO bèèrè. "Òun ló máa yàn o, kì í ṣe àwa."

Màmá bi í lọ́wọ́. Bándélé mi orí bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ sọ fún un pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó lè máa lọ. Tó bá sì fẹ́ fi ẹjọ́ wa sùn, èmi fúnra mi ni màá fún un ní ìwé tó máa kọ ọ́ sí. Kọ́púrà, ìwé tí mo ní kó o kọ dà?"

Kọ́púrà gbé e wá tìtìjú-tìtìjú. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: *A mu o nitori o fi owo waka mi.* Bándélé kà á. Ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ni, ó ga, ó sì wúwo, ìgbà àkọ́kọ́ tí tẹ́ṣàn gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀ nìyẹn. Ó gba báírò. Òun tí kò gbọ́ àmì ohùn rí láyé rẹ̀ ló fi àmì sí gbogbo rẹ̀ létòlétò, ó fi sí orí "wàká" dáadáa kí ẹnikẹ́ni má bàa rìn lọ síbì kankan, ó sì dá ìwé padà.

Kọ́púrà ti ń tẹ orúnkún. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Aago mélòó ló lù?" ni màmá bèèrè.

"Méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, mà."

"Ẹ̀bẹ̀ kì í sá lọ. Dókítà ló ń sá lọ. Gbé mọ́tò!"

Mọ́tò ọlọ́pàá gbéra, Kọ́púrà ló wà á, ó tan iná orí rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa ké.

"Kí ló ń ké báyìí?" ni màmá bèèrè.

"Àwa ni, mà."

Bándélé ní tirẹ̀ ń wo ojú pópó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Takisí ń yà, ọ̀kadà ń yà, ajàgbé ńlá gan-an wọ inú koríko. Ó sọ ọ́ sínú ọwọ́ màmá pé àwọn awakọ̀ Abẹ́òkúta ti di ọmọlúàbí láti ìgbà tí ojú màmá ti fọ́.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjìlá lù nígbà tí wọ́n wọ ọsibítù. Wọn ò tíì pe Fárọ̀mbí. Kọ́púrà rí i pé àyè ṣí, ó dúró níwájú màmá, ó ká fìlà lọ́wọ́.

"Màmá, mo ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí."

"Mo gbọ́," ni màmá wí. "Ọmọ mi ni kò gbọ́."

Òótọ́ ni. Kọ́púrà kọjú sí Bándélé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

"Ó ti lọ ni?" ni màmá bèèrè. "Mi ò gbúròó nǹkan kan mọ́."

Kò sí bó ṣe lè ṣe é àfi kó ṣe méjèèjì pọ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì, ó wá ń fi ohùn rara kígbe látibẹ̀: "Ẹ dárí jì mí o! Mo bẹ̀ yín o! Mi ò tún jẹ́ mú adití láìwá ògbufọ̀ mọ́ o!"

Nọ́ọ̀sì kan yọjú. "Ta ló ṣubú? Ẹ gbé e, ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá bó ṣe yẹ!" Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ọyatọ́lá Fárọ̀mbí!"

"Èmi rèé!" ni màmá dáhùn, kí nọ́ọ̀sì tó pè é tán. Wọ́n dìde. Wọ́n fi ọwọ́ sọ fún Bándélé pé ó tó báyìí, kó ní kí ọlọ́pàá náà dìde nílẹ̀, ilẹ̀ ọsibítù tutù. Nọ́ọ̀sì fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé.

Bándélé kọjú sí Kọ́púrà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan: dìde. Ṣùgbọ́n ojú Kọ́púrà wà nílẹ̀, táìlì ló ń wò, kò rí i. Ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn aláìsàn ń gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ o, ojú á là.

Bándélé lè fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ro ó wò. Ó wá jókòó síbi tí màmá ti dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ó sì ń wo ilẹ̀kùn tí ìyá rẹ̀ gbà wọlé.